Omi Iyọ̀ Ọjọ́ Kejì

                                                  Ojúlé Kọkàndínlógún,
                                                  Òpópónà Marshfoot,
                                                  Goresbrook, Dagenham,
                                                  London.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Adékẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Bàbá Ìyìn ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀, àbí ó ṣì ń bá wọn jà tí wọ́n bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn? Ìyìn àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Òjò tó ń jò wọ kíṣìnì yín lọ́dún tó kọjá, ṣé ẹ ti rí kàfíńtà gidi tó tún òrùlé náà ṣe? Èmi àti Mìdé ọmọ mi wà dáadáa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ti dé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti gbé kóòtù mi ńlá jáde, èyí tí o máa ń pè ní búláńkẹ́ẹ̀tì alápá.

Ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, àbí? Ìgbà wo la kọ lẹ́tà síra wa gbẹ̀yìn? Bóyá ọdún tí mo bí Mìdé. Nígbà náà, tí mo bá ti rí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní bọ́ bàtà kí n tó ya á. Ìkọ̀wé rẹ tó máa ń tẹ̀ sápá kan bí ẹni tí atẹ́gùn ń gbé lọ, títí ayé mi ni màá fi máa rántí ẹ̀. Fóònù ló bà wá jẹ́. Tí mo bá pè ọ́ báyìí, ẹ̀rín lo máa kọ́kọ́ rín, wàá ní "Eléjìí, kí ló tún dé?", a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti lágbájá, sọ ti tẹ̀mẹ̀dù, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an á sì sọnù. Ọ̀rọ̀ tòní yìí, mo fẹ́ kí o lè kà á, kí o tún un kà. Mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Ìyìn ti tú àṣírí rẹ. Jọ̀ọ́, má bá a jà. Ó sọ fún Mìdé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà eyín ní Ìbàdàn ti dá ọjọ́ fún ọ tí wọ́n máa gbin eyín sí ibi tó ṣófo lápá ọ̀tún ẹnu rẹ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lo sì sá. Lákọ̀ọ́kọ́ o ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ru. Lẹ́ẹ̀kejì o ní ìsìnkú kan bọ́ sí i ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ló kú? Adékẹ́mi, mo ní ta ló kú? Ìrora lò ń sá fún. Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Èmi náà ti gbin eyín lọ́dún yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ó sì ku díẹ̀ kí n fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní River Road ni ìjọ wa ń lò. Àárín àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe àti àwọn tó ń ta táìlì la wà. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn, àwa nìkan là ń pariwo ní àdúgbò náà. O sì mọ àwa aláṣọ funfun, a kì í wọ bàtà sí sútánà. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kìíní, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ gbọ́n, sọ́ọ̀sì funfun tó nípọn ni wọ́n wọ̀ sẹ́sẹ̀. Èmi, ìyá arúgbó ọdún méjìlélọ́gọ́ta, mo ní rárá o, ẹsẹ̀ lásán ni a bá àdúrà, ẹsẹ̀ lásán ni màá fi gbà á. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà dání, mo gun àtẹ̀gùn iwájú ilé, ẹsẹ̀ mi yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni mo fi ẹnu gbá. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé mi dìde, eyín iwájú mi lókè, ti apá òsì, ti kán mọ́ èrìgì.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí mi ni, Adékẹ́mi.

Mo mọ̀ pé o ti fọwọ́ bo ẹnu báyìí. Ìwọ nìkan ni mi ò ní ṣàlàyé fún. Àwọn ará ibí rò pé eyín ni mò ń sunkún fún. Èjí ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá mi lọ, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, tí mo bá sì fi ìlú yìí sílẹ̀, mi ò ní lè padà wọlé sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ìwọ lo bá mi wẹ̀ wọ́n, ìwọ lo bá mi wọṣọ fún wọn, ìwọ lo dúró níbi tó yẹ kí n dúró. Láti ìgbà náà, tí àárò wọn bá ti ń sọ mí, iwájú dígí ni mo máa ń lọ. Màá rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá rí wọn. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Mìdé. Lẹ́yìn tí eyín yẹn kán, tí mo bá rẹ́rìn-ín, ihò gbàgàdà kan ni mò ń rí. Mo wá jáwọ́ nínú ẹ̀rín. Gbogbo ìgbà tí o pè mí lórí fídíò tí mo ní kámẹ́rà mi ti bàjẹ́, irọ́ ni mo pa fún ọ. Má bínú.

Ìwọ náà ò lè gbàgbé wàhálà tí èjí yẹn kó wa sí nígbà tá a wà ní ìwé mẹ́fà. O ní dandan ni, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ní èjí. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé ni mo já igi ọwọ̀ kan nínú ọwọ̀ ìyá mi, mo ní kí o máa kì í sáàárín eyín rẹ lójoojúmọ́, pé kó tó di Ọdún Àjíǹde, á ti là. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mo tì í jù, ló bá kán sínú èrìgì rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, à ń fi ewé nù ún, a ò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi bá wa lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọn ò lù wá, ìyẹn gan-an ló kó ẹ̀rù bà mí. Wọ́n fi èékánná yọ igi ọwọ̀ náà. Wọ́n po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú kọ́ọ̀pù tánganran aláwọ̀ ewé yẹn, wọ́n ní kí àwa méjèèjì fi yọ ẹnu. Èmi tí nǹkan kan ò ṣe! Wọ́n ní ọ̀ràn tá a jọ dá, àwa méjèèjì la máa jọ yọ ẹnu rẹ̀. Tí mo bá dijú báyìí, mo ṣì lè tọ́ omi náà wò, pẹ̀lú òórùn èéfín tó wà lára kọ́ọ̀pù yẹn. Fi ìyẹn síbẹ̀ ná, màá padà dé ibẹ̀.

Mìdé ló wá dókítà eyín kan rí ní ọ̀nà Chadwell Heath, tí o bá kọjá Whalebone. Ọmọdébìnrin ni, Basheerah lorúkọ rẹ̀. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń ṣe gẹ́gẹ́ẹ̀gẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Síbẹ̀, tó bá kí mi, á fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun máa yọ gbòǹgbò tó kù, òun máa jẹ́ kí ojú rẹ̀ jiná, tó bá di oṣù karùn-ún òun á de irin kékeré kan mọ́ egungun inú èrìgì, bí ìgbà tí wọ́n bá de ìdè mọ́ igi. Egungun á wá gbá irin náà mú fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà lòun á gbé eyín lé e. Ó ní òun tiẹ̀ lè ṣe eyín náà fẹ̀ díẹ̀ kó dí àlàfo àárín yẹn. Mìdé ní, "Yes, ẹ dí i, á neat." Mo yíjú sí ọmọ tí mo bí, mo wò ó tòkètilẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá dí èjí yẹn, kí wọ́n kúkú fi ihò sílẹ̀ fún mi. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Okay, Mummy. Èjí ò lọ síbì kankan."

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní egungun tó kù níbẹ̀ tín-ín-rín. Tí ọgbẹ́ náà bá dàrú láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, irin náà lè máà di mú, tí kò bá sì di mú, òun ò lè ṣèlérí pé ibẹ̀ á gba òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ ti ìrora fún mi. Ó ní kí n jẹun dáadáa kí n tó wá. Ó ní tí mo bá délé, kí n tún fi nǹkan rírọ̀ sínú, kí n lo oògùn ìrora nígbà tí ẹnu mi bá ṣì kú, kí agbára abẹ́rẹ́ tó lọ, kí ìrora má bàa bá mi lójijì. Ó ní kí n má yọ ẹnu rárá lọ́jọ́ náà, kí n má sì tutọ́. Mò ń mirí, mò ń ní "yes, yes". Nínú mi, mò ń sọ pé èwo ni ti oògùn ìrora tí kò tíì dé? Nílé wa, ṣé a máa ń gbé agboòrùn kiri nínú yàrá ni?

Ibi tí mo ti wá ṣe ti èmi rèé. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún eyín náà, láti òwúrọ̀ di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi kan ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi. Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ lọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà bọ́ sí. Mi ò sọ fún Mìdé, mi ò sọ fún ìjọ, mi ò sì sọ fún dókítà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo jẹ búrẹ́dì. Adékẹ́mi, mo tiẹ̀ tún fi ẹyin díndín kún un!

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, kò dùn mí. Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀, ó ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá ta ni lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ẹ̀rọ ni mo gbọ́, mo sì ń mọ̀ pé wọ́n ń ti nǹkan, bí ẹni pé ilé onílé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kàfíńtà. Kò tó wákàtí kan tó fi parí. Wọ́n fún mi ní òwú tí màá gé mọ́ eyín, wọ́n fún mi ní oògùn méjì àti ìwé ìlànà. Mìdé gbé mi délé, ó gbé oògùn àti ògì tútù síwájú mi, ó sáré padà síbi iṣẹ́. Bó ṣe jáde, mo gbé ògì sínú fíríìjì. Mo ti ìwé ìlànà bọ abẹ́ Bíbélì. Mo ní tó bá di agogo mẹ́fà, màá jẹun, màá lo oògùn. Ẹnu mi ṣì kú, ara sì tù mí pẹ̀sẹ̀.

Agogo mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Agogo mẹ́rin, yéè! Ó ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti nasẹ̀. Ó ń lọ láti èrìgì dé ìdí imú, láti imú dé ẹyin ojú. Mo kọrin, kò gbọ́. Mo rìn yí tábìlì ká. Mo wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kọjá. Ó ku wákàtí méjì gbáko kí n tó lè fi nǹkan sẹ́nu. Ìgbà náà ni mo rántí kọ́ọ̀pù tánganran ìyá mi. Mo ní ah ah, Wúrà, oògùn wà nílé, o ò mọ̀! Omi iyọ̀ tí èèyàn ò gbé mì, ṣé ó ba ààwẹ̀ jẹ́ ni? Mo gbé kẹ́tùrù kaná, mo po omi iyọ̀, mo fi ṣan ẹnu gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n, mo tu ú dànù pàà, bí àwa ọmọ ìgboro ṣe máa ń tutọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta tí mo tu ú, síǹkì pọ́n bí epo.

Ẹ̀jẹ̀ náà ò dúró. Mìdé bá mi lórí ilẹ̀ kíṣìnì ní agogo márùn-ún kọjá, mo fi táwẹ́ẹ̀lì di ẹnu. Ó rí kọ́ọ̀pù iyọ̀, ó rí oògùn tí mi ò tíì tú lọ́ra. Ó ní, "Mummy, kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe?" Ó pe dókítà náà lórí fóònù. Dókítà ní kí n jókòó gbọnrangandan, kí n ká òwú mímọ́ kí n sì gé e mọ́lẹ̀ dáadáa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìyọ ọ́ wò, kí n gbé áìsì tí wọ́n fi aṣọ wé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní tí kò bá dá, ká máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bèèrè oògùn tí mo lò. Mìdé wò mí. Mo jẹ́wọ́ ààwẹ̀.

Mo rò pé ó máa pariwo lé mi lórí. Kò pariwo. Ìyá Ìjọ wa ló pè, Màmá Moṣọpẹ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ohùn wọn ṣì ń mi ògiri. Ó fi fóònù sí etí mi. Wọ́n ní, "Wúrà, ta ló rán ọ? Ta ló ní kí o gbé ebi lọ sábẹ́ ọ̀bẹ? Ọlọ́run tó dá ọgbọ́n oògùn, ṣé kò mọ nǹkan tó ń ṣe ni? Mo tú ọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ náà. Jẹun kíá, kí o lo oògùn rẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́rùn èmi." Wọ́n já fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, mo fi ṣíbí lá ògì tútù, mo lo oògùn. Kò pé wákàtí kan tí ìrora náà fi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Gbogbo ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, àfọwọ́fà ni. Mo wá sunkún wàyí. Ọ̀rọ̀ ìrora ti tán, èjí ìyá mi ni mo ń rò pé mo ti tu dà sínú síǹkì.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà yẹ ẹnu mi wò pẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dídì tó yẹ kó bo ojú ọgbẹ́ náà ni mo ṣan dànù. Mo bi í bóyá irin náà á di mú. Ó ní, "Mummy, mi ò lè parọ́ fún yín. Àfi ká dúró ká wò." Ó wá ní láti òní lọ, kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu jẹ́jẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí n kàn ya ẹnu kó ṣàn jáde. Mo ní omi iyọ̀ kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dára gan-an, ọjọ́ kejì ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, à ń bọ̀ nílé, nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Adékẹ́mi, ìyá mi ò fún wa lómi iyọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Aṣọ funfun ni wọ́n ya, wọ́n ká a, wọ́n ní kí o gé e mọ́ eyín. Wọ́n fẹ̀yìn rẹ ti ògiri, wọ́n fún ọ ní ẹ̀kọ tútù àti ìlàjì Panadó, wọ́n ní ilé wa lo máa sùn. Èmi ni mo sáré gbé kọ́ọ̀pù wá, torí mo ti rí i pé omi iyọ̀ ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Kò tíì yá. Jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ kọ́kọ́ sùn mọ́jú." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwa méjèèjì dúró lẹ́yìn ilé, tí a kún ẹnu fómi iyọ̀, tí a ń wo ara wa, tí a ò lè rẹ́rìn-ín. Láti àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣàárò omi iyọ̀ yẹn, mo wá gbàgbé òru tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ Ìlọrin yẹn kọ́ ní yunifásítì, ìyá mi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí mo lè bi bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi ìwọ, torí ẹnu rẹ ló ṣẹlẹ̀ sí.

Torí náà, gbọ́ mi, ìwọ olóríkunkun. Jẹun kí o tó lọ. Nígbà tí ẹnu rẹ bá ṣì kú, jẹ nǹkan tútù díẹ̀, kí o lo oògùn tí dókítà bá fún ọ, kí o sì máa lò ó lákòókò rẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, má dúró de ìrora. Má sì lò ju iye tí wọ́n kọ lọ o. Ìwọ tí o ní ọgbẹ́ inú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ tún máa ń ru, kó gbogbo oògùn tí ò ń lò nílé lọ han dókítà, torí oògùn ìrora kan wà tí kò bá ọgbẹ́ inú ṣọ̀rẹ́. Ibuprofen tí wọ́n fún èmi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fún ìwọ. Máa gbé áìsì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o gbé e kúrò, kí o tún gbé e padà. Fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè tí o bá sùn. Má fi sítírọ́ọ̀ fa nǹkan mu. Mo mọ̀ pé gaàrí tútù á máa wù ọ́, kódà mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú àlá, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, horo rẹ̀ á kó sí ojú ọgbẹ́. Ní kí Ìyìn se ìkọ́kọrẹ́ rírọ̀ fún ọ, kó jẹ́ kó tutù dáadáa. Á wú díẹ̀, má fòyà, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń wú jù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹrin tí ìrora náà ń le sí i dípò kó máa dínkù, tàbí tí ibà dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, pe dókítà. Má pe Wúrà. Wúrà ò gbọ́n.

Oṣù márùn-ún ni mo fi retí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mi ò wo dígí. Ìwọ náà á rántí pé mo tọrọ fọ́tò kan lọ́wọ́ rẹ nínú oṣù kẹjọ, èyí tí èmi àti ìwọ àti ìyá mi yà níwájú ilé lọ́jọ́ tí a jáde ìwé mẹ́wàá. O bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní lásán ni. Ó ti tó kí n sọ ọ́: dókítà ní kí n mú fọ́tò tí èjí mi ti hàn wá, kó lè mọ bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó. Fọ́tò mi pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí èjí méjì wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ìṣirò ò ṣe mí nǹkan kan, mo kàn fẹ́ kí ìyá mi wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, mo jókòó sórí àga dókítà, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ Mìdé. Dókítà ya àwòrán egungun náà, ó fi irin tín-ín-rín kan lu ibẹ̀, ó tún un lù. Mi ò mí. Ó ṣí ìbòmú rẹ̀ kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó di mú, Mummy. Ó di mú gbọnyin." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé eyín lé e. Ó na dígí sí mi, mo ní kó dúró ná, mo dijú, mo kọ́kọ́ fi ahọ́n wá àlàfo náà. Ó wà níbẹ̀. Mo lajú, mo rẹ́rìn-ín. Adékẹ́mi, wọ́n wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀! Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì rò pé ó ń dùn mí. Mìdé wo dígí, ó wo fọ́tò, ó ní, "Ah. So Grandma nìyẹn." Ọmọ tí wọ́n ò gbé rí láyé wọn.

Mo fi fọ́tò tuntun sínú lẹ́tà yìí. Wò ó dáadáa, kí o sọ fún mi bóyá wọ́n ló jọ, torí ojú rẹ ló rí wọn gbẹ̀yìn. Bá mi kí Bàbá Ìyìn, kí o ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún orúnkún. Bá mi kí Ìyìn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tú ọ fó. Màmá Moṣọpẹ́ kí ọ, wọ́n ní àwọn á máa fi ọ́ sádùúrà, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀.

Kí o gba ọjọ́ tuntun lọ́dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kìíní, má pè mí, jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ sùn mọ́jú. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, po omi iyọ̀ rẹ, kó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí o wá pè mí lórí fídíò kí o tó fi sẹ́nu. Kámẹ́rà mi ti dára. Èmi náà á ti po tèmi dúró níbí. Ọ̀ràn tá a jọ dá ni, a ṣì máa jọ yọ ẹnu rẹ̀ ni.

Èmi náà ni, Eléjìí rẹ ti àtijọ́,

Wúrà